Iwájú lẹ fẹ́ lu, ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ ti há

Ìbéèrè tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nìyí, bí àbúrò wa kan ṣe kọ ọ́ láti Abẹ́òkúta:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Báìkì Yamaha FJR1300 ni mò ń gùn, ti ọdún 2004, tókunbọ̀ ni. Bí ọ̀nà bá ṣí sílẹ̀, mo lè gùn ún dé Kútọnu láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ báyìí, géèjì ooru ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, orúnkún mi òsì á máa jó bí ẹni tó jókòó ti ààrò. Tí òjò bá dé tí mo gbé wínsìkirínì sókè, ooru á tún gba àyà mi wá. Mẹkáníìkì mi ní ká lu ihò mẹ́fà sí imú fairing, pilásítíìkì tó bo ara báìkì, níwájú, kí atẹ́gùn lè máa ráyè wọlé. Ṣé kí n jẹ́ kó lu ú?"

*

Àbúrò, má jẹ́ kó lu ú. Tó bá ti gbé dírìlì jáde, sọ fún un pé kó fi lu ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

O rò pé ìbéèrè kan lo bi mí, mẹ́ta ni. Ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná nínú súnkẹrẹ, ọ̀tọ̀. Orúnkún tó ń jó, ọ̀tọ̀. Ooru tó ń gba àyà wá nígbà tí wínsìkirínì wà lókè, òun náà ọ̀tọ̀. Ihò mẹ́fà tí ọ̀gá yìí fẹ́ lu kò wo ọ̀kankan sàn nínú wọn. Báìkì tó dúró sójú kan, atẹ́gùn wo ló fẹ́ gba iwájú rẹ̀ wọlé?

Bí o bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti iwájú báìkì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 460 pascal, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan. Tó o bá wá dín eré kù sí 50, agbára yẹn kò ní dúró ní ìdajì. Ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló máa kù, nǹkan bíi 115. Ní Kárà, níbi tó o ti ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ́ báìkì láàárín tirélà àti dánfó, òdo ni. Fáànù tó wà lẹ́yìn rédíétọ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sì bìkítà bóyá ihò mẹ́fà wà ní imú báìkì tàbí ọgọ́ta.

Ohun tí mo fẹ́ sọ máa yé ẹni tó bá ti gbé inú ilé face-me-I-face-you rí. O lè ṣí fèrèsé yàrá rẹ kan ṣoṣo náà sílẹ̀ gbayawu, kọ́tìnnì ò ní mì. Jẹ́ kí ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn tó kọjú sí kọ́ridọ̀, wàá rí i tí kọ́tìnnì máa fò dé àjà. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ò rọ́nà jáde ni, ìdí nìyẹn tí ti ìta kò fi wọlé. Báìkì onífairing náà, yàrá ni. Iwájú rẹ̀ ti ṣí tẹ́lẹ̀, ẹnu ńlá ni Yamaha fi síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ni kó o lọ wò.

*

Kò pẹ́ tí mo kọ ìyẹn tí àwọn ará fi ya bò mí. Mi ò ní lè to gbogbo ọ̀rọ̀ wọn síbí, àmọ́ ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí.

Àwọn kan ní ihò ni ihò ń jẹ́, pé kò sí ibi téèyàn lu tí atẹ́gùn ò ní gbà. Mo ti dá wọn lóhùn lókè.

Àwọn kejì ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan, pé àwọn ará Japan ti fi ẹ̀rọ atẹ́gùn yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tà á, àwa wo la fẹ́ mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ? Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, kò sì burú fún ẹni tó fẹ́ràn láti máa lu ihò káàkiri. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun táwọn tó ṣe é fúnra wọn ṣe. FJR jáde ní Yúróòpù ní 2001, ó dé Amẹ́ríkà fún ọdún 2003, àwọn tó ń gùn ún sì kígbe ooru títí. Nígbà tí Yamaha máa tún un ṣe fún ọdún 2006, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ fairing tó ṣeé fà síta sí i kí ooru lè gba ibẹ̀ jìnnà sí ẹsẹ̀. Kawasaki náà gbé 1400GTR jáde, igbe kan náà ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì ṣí ojú ẹ̀gbẹ́ fairing sí i nínú ti 2010. Ẹni tó ṣe é ló tún un ṣe, kì í ṣe èmi.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí báìkì mú BMW R100RS wá, èyí tó jáde ní 1976, tí wọ́n gbé lọ sínú ihò atẹ́gùn Pininfarina ní Ítálì, níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn lu ọkọ̀ láti dán an wò, kí fairing rẹ̀ tó gún. Ó ní ìyẹn kì í gbóná mọ́ni lẹ́sẹ̀. Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ tún ẹ́ńjìnnì yẹn wò. Sìlíńdà rẹ̀ méjèèjì yọ síta lọ́tùn-ún lósì bí etí, afẹ́fẹ́ ọ̀nà ló ń fẹ́ ẹ tútù, kò ní rédíétọ̀. Ti FJR ńkọ́? Sìlíńdà mẹ́rin, 1,298 cc, tí wọ́n fi pilásítíìkì wé bí ẹni wé mọ́ínmọ́ín. Ibi tí ooru ti pamọ́ la gbọ́dọ̀ ronú ọ̀nà àbájáde fún un.

Àwọn kẹta ní ká kúkú tú fairing ìsàlẹ̀ dànù. Ẹ̀yin yìí lẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi. Nínú súnkẹrẹ, ó lè tu orúnkún lára díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ògiri ni pilásítíìkì yẹn. Òun ló ń kó afẹ́fẹ́ jọ síwájú rédíétọ̀, òun náà ló ń darí èyí tó ti gbóná gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Tẹ́ ẹ bá tú u, tẹ́ ẹ sì bọ́ sí ọ̀nà tó yá, ọ̀pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ náà á kàn yà fún rédíétọ̀ ni, á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ, ohun tí fáànù bá sì tú jáde á dà sórí ojúgun yín ní tààrà.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ojú mi ti rí i.

FJR lèmi náà ń gùn, ti 2005. Ó tó oṣù mẹ́jọ tí orúnkún òsì mi fi ń jó, tí ti ọ̀tún kì í sì í ṣe é ní nǹkan kan. Mo pààrọ̀ kúláǹtì. Mo pààrọ̀ tẹmọ́sítáàtì. Riwáyà wo fáànù, ó ní ó dáa. Mo tiẹ̀ ra ṣòkòtò aláwọ tó nípọn, ni mo bá ń làágùn nínú rẹ̀ bí ẹni ń gún iyán.

Ní ọjọ́ Sátidé kan mo tú pánẹ́ẹ̀lì òsì láti fọ̀ ọ́. Mo dá a dojú dé orí bẹ́ǹṣì. Láti ìta, ojú ihò mẹ́ta gbọọrọ ló wà lára rẹ̀ bí ìjàgbọ̀n ẹja, dúdú, ó mọ́ tónítóní. Mo ti ìka bọ inú ọ̀kan, èékánná mi lu ògiri. Mo ti ìka bọ èkejì, ògiri. Ẹni tó gùn ún kó tó dọ́dọ̀ mi ti gbé e ṣubú sápá òsì, ẹni tó bá a tún fairing ṣe sì ti fi fáíbà di ẹ̀yìn ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa, ó wá fi ọ̀dà dúdú bò ó. Ihò orí bébà ni mo ń gùn káàkiri láti ọjọ́ yìí!

Abẹ ayùn irin ni mo fi gé e, pẹ̀lú bébà oníyanrìn. Fáíbà tó bọ́ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì mo gùn láti Ìkejà dé Ìbàdàn, mo sì há sí Mowé fún nǹkan bíi ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ má bi mí ní iye dígírì tó fi lọ sílẹ̀, mi ò wọ̀n ọ́n. Orúnkún mi ni tẹmọ́mítà mi, òun ló ní ó ti tó.

Àbúrò, tú pánẹ́ẹ̀lì rẹ. Má fi ojú wo ihò yẹn láti ìta, fi ìka wò ó láti inú.

*

Ọ̀rọ̀ yìí ló dá ìjà sílẹ̀ jù. Mo sọ fún àbúrò pé lẹ́yìn tó bá rí i pé ọ̀nà àbájáde ṣí, kó wá dí gbogbo àlàfo tó wà láàárín etí rédíétọ̀ àti fairing. Ẹnì kan tó wà ní Houston, tó ń gun Harley Road Glide, kọ ọ́ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ká ṣí, ẹ tún ní ká dí. Èwo ni ká mú?"

Ẹ mú méjèèjì. Ọ̀lẹ ni afẹ́fẹ́. Rédíétọ̀ kún fún irin pẹlẹbẹ wíwẹ́ wíwẹ́, wàhálà ni fún un láti gba àárín wọn kọjá. Tó bá rí àlàfo tó fẹ̀ tó ìka méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló máa gbà. Á kọjá láìkó ooru kankan, á tún lọ kún ẹ̀yìn rédíétọ̀, á dínà mọ́ èyí tó ṣiṣẹ́. Nígbà tí báìkì bá dúró ló tún burú jù: fáànù á tú afẹ́fẹ́ gbígbóná sẹ́yìn, èyí á gba àlàfo yẹn yí padà síwájú, fáànù á tún fà á wọlé. Omi àná lẹ tún ń sè. Tẹ́ ẹ bá rí géèjì tó ń gòkè ṣáá nínú súnkẹrẹ tí fáànù sì ń pariwo, ẹ fura sí èyí.

Kí la fẹ́ fi dí i? Rọ́bà dúdú tó rí múlọ́múlọ́, èyí táwọn oníṣẹ́ ẹ́síì fi ń wé páìpù, òun lèmi ń lò. Kì í mu omi, kì í tètè yọ́. Ẹ là á ní gbọọrọ, ẹ fi há àlàfo náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo fóòmù ibùsùn. Ọ̀rẹ́ mi kan lò ó, òjò mu ún, ó jẹrà, èyí tó já bọ́ wé mọ́ abẹ fáànù. Fáànù tó yẹ kó bá a dẹ́rọ̀ ooru ló padà jóná fún un.

Ẹ tún kíyè sí i: ẹ má dí ẹ̀yìn, ẹ má dí ìsàlẹ̀. Etí rédíétọ̀ nìkan. Ẹnì kan tí mo ṣàlàyé fún lórí fóònù lọ dí gbogbo ẹ̀, ó ní ẹ́ńjìnnì òun ń hó bí ìkòkò ewédú.

*

Ó kù wínsìkirínì. Ẹni Houston yẹn ló ràn wá lọ́wọ́ jù níbi yìí, torí inú Harley la ti lè rí i kedere.

Tí wínsìkirínì bá ga, ó ń la afẹ́fẹ́ sọ́tùn-ún sósì àti sókè. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí àyà rẹ wà, á ṣófo. Ibi tó ṣófo gbọ́dọ̀ kún, afẹ́fẹ́ á sì máa wá láti ibi tó bá rí. Èyí tó wá láti ẹ̀yìn á máa ti ọ́ léjìká síwájú, ìyẹn ló ń jẹ́ kí akoto máa gbọ̀n. Èyí tó wá láti ìsàlẹ̀ ńkọ́? Láti orí ẹ́ńjìnnì ló ti ń bọ̀, àbúrò. Ìwọ gan-an lo ń fa ooru yẹn mọ́ra.

Harley mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n tún fairing wọn ṣe fún ọdún 2014. Wọ́n la ihò kan sí ìsàlẹ̀ wínsìkirínì, wọ́n pè é ní Splitstream, èyí téèyàn lè fi ọwọ́ ṣí kó sì tì. Nígbà tí Road Glide padà dé fún 2015, mẹ́ta ni wọ́n fi sí i. Iṣẹ́ ihò yẹn ni láti bọ́ ibi tó ṣófo ní afẹ́fẹ́ tútù, kó má baà lọ wá ti ìdí ẹ́ńjìnnì.

Àwa tí báìkì wa ò ní irú ẹ̀ lè fi wáṣà gbé ìdí wínsìkirínì kúrò lára fairing díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ máa gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Lo bóòtù tó gùn díẹ̀ sí i, kó lè jẹ dáadáa. Má gbé e sókè pátápátá tí kò bá sí ìdí. Rọ́bà oní-ẹ́síì yẹn kan náà, tẹ́ ẹ sí àárín táǹkì àti férémù, níbi tí ooru ti ń rú sókè bọ́ sí ikùn rẹ. Òjò ńkọ́? Tí òjò bá ń rọ̀, gbé wínsìkirínì rẹ sókè, ooru díẹ̀ kò burú lábẹ́ òjò.

*

Àwọn tó ní àwọn ṣì fẹ́ lu ihò dandan: ẹ ò ní gbọ́, mo mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá òwú.

Ẹ gé òwú ìhunṣọ ní gígùn ìka kan, ẹ fi téèpù lẹ orí rẹ̀ mọ́ ara fairing káàkiri, ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá ọ̀rẹ́ tí yóò gun báìkì mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹni tó gbé sẹ́yìn fi fóònù ya fídíò. Àárọ̀ kùtù ọjọ́ Àìkú lẹ máa ṣe é, níbi tí ọ̀nà ti dá. Òwú tó sùn pẹlẹbẹ sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ń lọ geere níbẹ̀. Òwú tó ń jó yíká, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti dojú rú. Òwú tó kọrí síwájú, ẹ sá fún ibẹ̀ o. Afẹ́fẹ́ ń yí padà bọ̀ síwájú ni, ihò àbájáde tẹ́ ẹ bá lu síbẹ̀ á di ẹnu ọ̀nà.

Nígbà témi ṣe é, ibi tí mo ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí pé n óò gé, òwú ibẹ̀ ń na ọwọ́ sí mi lójú bí ẹni ń bú mi.

Tí ibi tẹ́ ẹ yàn bá dára, ẹ fi ètè kékeré sí iwájú ihò, kó gbé afẹ́fẹ́ ìta fò kọjá lórí rẹ̀. Ètè yẹn ló ń fa ooru inú síta. Ihò tó ya ẹnu síwájú kì í ṣe àbájáde, omi ojú ọ̀nà ló máa bù sórí wáyà yín. Igun ihò gbọ́dọ̀ róbótó, torí igun tó mú ni pilásítíìkì ti máa ń sán. Àti àwọn tó ń lẹ ihò atẹ́gùn tí wọ́n ń pè ní NACA mọ́ báìkì nítorí pé ó jọ ti eré ìje: àwọn ará NACA, àjọ tó ń ṣèwádìí nípa bàálù ní Amẹ́ríkà, ṣe é ní 1945 fún bàálù, ẹnu ìwọlé ni. Mo ti rí èyí tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn ní Ṣùrúlérè. Ó rẹwà, ẹ má bínú.

*

Àbúrò Abẹ́òkúta padà dé lálẹ́ àná. Mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá bó ṣe kọ ọ́:

"Ẹ̀gbọ́n, mo tú pánẹ́ẹ̀lì. Fáíbà kankan ò sí níbẹ̀, ihò mi dá ṣáká. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbà gbọ́. Náílọ̀nù píọ̀-wọ́tà méjì ló lẹ̀ mọ́ ojú rédíétọ̀ nísàlẹ̀, wọ́n ti yọ́ díẹ̀, eruku àti ìyẹ́ kòkòrò gbá lé wọn lórí. Ó bo nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Mo rọra yọ wọ́n, mo fi omi ẹ̀rọ lásán fọ ìyókù. Mo gba Kárà kọjá lónìí, géèjì ò mì. Orúnkún ṣì gbóná díẹ̀. Mẹkáníìkì ní òun ti lọ yá dírìlì, ta ni yóò san owó rẹ̀?"

O ṣeun tó ò fi omi alágbára fọ̀ ọ́, ì bá ti tẹ irin wíwẹ́ yẹn pọ̀. Tí orúnkún ò bá tíì fara rọ, rọ́bà oní-ẹ́síì ló kàn. Bẹ̀rẹ̀ láti etí rédíétọ̀ lápá òsì, wọn àlàfo ibẹ̀ kó o tó ra. Ní ti dírìlì, jẹ́ kí mẹkáníìkì fi lu páànù pẹlẹbẹ kan ní ihò wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́, ẹ kàn án síwájú rédíétọ̀ bí àwọ̀n. Kí ihò náà pọ̀ ju páànù lọ o. Náílọ̀nù tó ń bọ̀ á dúró síbẹ̀, wàá lè fi ọwọ́ já a kúrò ní gàréèjì láìtú nǹkan kan.